Mo Ní Kí O Wá Jẹun, O Ò Dáhùn

Ilé Bámgbóyè,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
Ìjan-Èkìtì.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn òjò àárọ̀.

Olúwabùsáyọ̀ ọmọ mi, Àwẹ̀ró,

Mo kí ọ títí. Ẹsẹ̀ rẹ ni mo kọ́kọ́ kí kí n tó kí orí, nítorí ẹsẹ̀ ló gbà mí lóorun. Ọlọ́run tó fi ẹsẹ̀ méjèèjì rán ọ wá sáyé kò ní gba ọ̀kan padà lọ́wọ́ rẹ. Ọmọge tó gbá ọ ṣubú, èmi kò ṣépè fún un o, ọmọ ẹlòmíràn lòun náà, àmọ́ mo ti fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn níwájú pẹpẹ lánàá, mo sì ti padà sáyè mi lọ jókòó. Báwo ni ara? Ṣé o lè dìde? Ṣé wọ́n ń fún ọ lóúnjẹ níbẹ̀? Èmi wà láàyè, ara mi le, àyà mi nìkan ni kò balẹ̀.

Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Iṣu ta dáadáa lọ́dún yìí. Ewúrẹ́ ìyá Olúwarótìmí tún wọ oko wa, mo lọ bá a sọ ọ́, ó ní ewúrẹ́ tòun kì í jẹ ewé iṣu. Ewúrẹ́ tí kì í jẹ ewé! Mo wò ó títí, mo kí i pé ó dàárọ̀, mo bá tèmi lọ. A ti kun ibojì ìyá rẹ ní ọ̀dà funfun bí o ṣe wí. Láti ọdún kẹta tó ti lọ, ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń jẹun, àwọn ará àdúgbò rò pé ooru ló ń lé mi jáde. Kì í ṣe ooru. Bí mo bá jókòó sínú ule yìí tí mo ní kí wọ́n wá jẹun, ògiri ni mo ń pè. Àmọ́ ní ẹnu ọ̀nà, ẹni tó bá ń toko bọ̀ á dá mi lóhùn pé á gba ibi ire, oúnjẹ náà á sì gba ibi tó yẹ kó gbà lọ. Ìyá rẹ, kódà bó bá ti jẹ tirẹ̀ tán nídìí ààrò, kì í jẹ́ kí n bu òkèlè kejì kó tó dáhùn. Èyí ni mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn bí o ṣe ń ka ìwé yìí lọ.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n mú bírò nìyí. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, o fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sínú fóònù Tíṣà Adéjọbí, ará Ìlá tó gba yàrá iwájú lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn tí o lọ sí Èkó. O ní ẹgbẹ́ yín ti dé ìdíje àṣekágbá, pé wọn yóò gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, àti pé kí n má lọ wò ó níbi tí wọ́n ti ń mutí. O ní kí n lọ sí Adó, kí n wá ilé oúnjẹ tó dára, kí n jókòó bí àgbà, kí n jẹun alẹ́ mi níbẹ̀ kí n sì máa wò ọ́, ìwọ ni yóò fún mi lówó rẹ̀. Adéjọbí kà á fún mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnu mi ò lè gba ẹ̀rín mi. Mo ní, ọmọ tí mo máa ń lé kúrò lẹ́yìn bọ́ọ̀lù kó lọ pọnmi, òun ló ń pe bàbá rẹ̀ wá síbi àsè yìí.

Ní Sátidé, mo wọ aṣọ òfì tí mo wọ̀ sí ìsìn ìkórè, mo dé fìlà rẹ̀. Adéjọbí bi mí pé ta ni mo ń múra fún. Mo ní ìwọ ni, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ lè rí i pé o ní bàbá. Ó ní o ò ní rí mi. Mo bi í pé ẹni tó bá kọjú sí mi, tí ojú rẹ̀ là, tí gíláàsì nìkan ló wà láàárín wa, tí kò sì sí kọ́tìnnì, kí ni kò ní jẹ́ kó rí mi? Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Tíṣà ni, kì í ṣe ọ̀lẹ, àmọ́ nǹkan kan wà tí kò yé e.

Ilé oúnjẹ àkọ́kọ́ tí a wọ̀ wà ní àdúgbò Adébáyọ̀, gíláàsì ni wọ́n fi ṣe gbogbo ara rẹ̀, mo sì kíyè sí i pé kò síbi tí èéfín ń gbà jáde. Inú rẹ̀ tutù bí ibi tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí, kí Ọlọ́run má bínú sí mi. Ọmọbìnrin kan gbé ìwé wá, orúkọ oúnjẹ wà lórí rẹ̀ ní ìlà-ìlà, ó ní kí n yan èyí tó bá wù mí. Ọmọ mi, mo ti ń dìbò kí a tó bí ìyá ọmọ yẹn, mo mọ bí wọ́n ṣe ń yàn. Mo ní kó gbé yíǹkì wá. Ó ń wò mí. Mo ní kò burú, mo ti àtàǹpàkò mi bọ inú ata tó wà lórí tábìlì, mo tẹ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyán, mo ṣọ́ ọ gidigidi kó má ta kan ìlà ráìsì kí ìbò mi má bàa bàjẹ́, mo wá ká ìwé náà kí Adéjọbí má mọ ohun tí mo yàn. Ọmọbìnrin náà sáré pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá wo ìwé, ó wo àtàǹpàkò mi, ó ní iyán ti tán. Mo sọ fún Adéjọbí pé bó ṣe máa ń rí náà nìyẹn, ẹni tí a dìbò fún kọ́ ló ń wọlé. Wọ́n tún ní kí n sanwó kí n tó jẹun, bí ẹni pé ojú mi jọ ti ẹni tó ń sá lọ. Tẹlifíṣọ̀n wọn ń ṣàfihàn àwọn ọmọge tó ń rìn lọ rìn bọ̀ láìsí ohun tí wọ́n ń wá. Mo dìde.

Ibì kejì, òórùn ọtí ló kọ́kọ́ kí wa. Bẹ́ǹṣì ni wọ́n tò, àwọn ọ̀dọ́kùnrin kún ibẹ̀, kálukú mú bébà tẹ́tẹ́ pélébé lọ́wọ́, wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù àwọn òyìnbó. Mo kí wọn, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yí i sí ti àwọn obìnrin, nítorí ọmọ mi wà níbẹ̀. Ẹ̀rín tí wọ́n rín, ó dùn mí. Wọ́n ní ta ló ń wo bọ́ọ̀lù obìnrin. Mo ní kò sí ọ̀kan nínú wọn tí obìnrin ò bí. Adéjọbí fà mí lápá jáde, ilẹ̀ sì ti fẹ́ ṣú, ọkàn mi wá ń sáré pé bí mi ò bá tètè rí ibì kan jókòó sí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wàá gbójú sókè, wàá wò yíká, o ò ní rí ẹnikẹ́ni rẹ.

Odó ló pè wá. A ń rìn lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù kan, mo gbọ́ tí wọ́n ń gúnyán, mo ní kí Adéjọbí dúró. Ibi tí odó bá ti ń dún nírọ̀lẹ́, ilé ènìyàn ni. Obìnrin tó ni ibẹ̀ ń jẹ́ Mùlíkàt, ará Ìwó ni, àmọ́ ó ti pẹ́ ní Adó débi pé ahọ́n rẹ̀ ti di tiwa, uṣu lòun náà ń pe iṣu. Ilé oúnjẹ rẹ̀ mọ́, ó tẹ́ ọ̀rá sórí gbogbo tábìlì, ó sì ní tẹlifíṣọ̀n lórí pákó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ sán lápá òsì. Mo ṣàlàyé ara mi. Obìnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀, ó mú rìmóòtù, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, títí ó fi rí yín. Ọ̀dọ́kùnrin méjì kan tó ń jẹun níbẹ̀ ní kí ló dé, àwọn fẹ́ wo ti òyìnbó. Mùlíkàt ki rìmóòtù bọ ìdí ìró rẹ̀, ó ní ẹni tí inú bá ń bí nínú wọn, kó lọ bí ọmọ tirẹ̀, kó tọ́ ọ dàgbà títí yóò fi dé inú tẹlifíṣọ̀n, kó wá padà wá kí òun yí i fún un. Wọ́n tẹjú mọ́ abọ́ wọn, wọ́n ń jẹun.

Ó gbé iyán ka iwájú mi, pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti itan ọ̀yà. Iyán náà funfun, kò ní kókó kan, ìyá rẹ ìbá yìn ín, bẹ́ẹ̀ o mọ̀ pé kì í tètè yin iyán ẹlòmíràn. Mo fọwọ́, mo gbàdúrà. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ tò, ẹ gbé ọwọ́ lé àyà, wọ́n ń fi ojú yín hàn wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kan ìwọ. O ti dirun, o rù díẹ̀, o sì wò mí lójú gan-an. Ìwọ, lórí ìdúró, tí ẹnikẹ́ni ò fún lóúnjẹ, èmi bàbá rẹ, lórí ìjókòó, tí ọwọ́ mi wà nínú iyán. Kí ni ó yẹ kí n ṣe? Mo pè ọ́ sókè pé Àwẹ̀ró, wá jẹun o.

Gbogbo ilé oúnjẹ yíjú sí mi. Ẹnu rẹ ń mì, mo nawọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ kí n lè gbọ́ èsì. Adéjọbí rọra sọ fún mi pé orin orílẹ̀-èdè lò ń kọ. Lóòótọ́, ẹnu gbogbo yín ló jọ ń mì. Mo ní kò burú, tí o bá kọrin tán wàá dáhùn. Wọ́n gbé ojú rẹ kúrò. Mo dúró. Mùlíkàt wá sọ fún mi pé kí n jẹun, Bàbá, iyán ń tutù. Mo sọ fún un pé mo ti pe ènìyàn. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín o. Ó ní òun rí i, àmọ́ ọmọ náà wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lè gbọ́ kí àyè má sí láti dáhùn. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí. Mo bu òkèlè kan, mo gbé e mì láìsí èsì.

Inú mi dùn fún ìgbà díẹ̀, mi ò ní purọ́. O ń sáré bí ẹni tó jogún ilẹ̀ náà. Bọ́ọ̀lù a dé ẹsẹ̀ rẹ a sì dúró jẹ́ẹ́, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjèèjì tó ń bínú bẹ̀rẹ̀ sí pariwo nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ rẹ, wọ́n ń bi mí pé ṣé ọmọ mi nìyẹn lóòótọ́, mo ń mi orí bí ọba. Mo bu òkèlè kejì. Òkèlè náà wà lọ́wọ́ mi, kò tíì dé ẹnu, nígbà tí ọmọge aláṣọ ewé yẹn wá láti ẹ̀gbẹ́.

O ṣubú. Wọ́n tún jẹ́ kó gbá ọ, o tún ṣubú. Wọ́n tún jẹ́ kó gbá ọ lẹ́ẹ̀kẹta, èyí wá pẹ́, o ń ṣubú díẹ̀díẹ̀, irun rẹ ń gòkè bí ẹni tó wà nínú omi, mo rí ojú rẹ, mo rí eyín rẹ, adájọ́ sì wà nítòsí tó dúró ń wòran. Mo dìde, mo pariwo pé ṣé kò sí àgbà níbẹ̀ ni. Adéjọbí ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo ṣubú, pé wọ́n kàn ń tún un fi hàn ni. Mo bi í pé ta ló máa tún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fi han bàbá ọmọ? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fojú mi rí. Bí o bá ń fèsì, kọ ọ́ fún mi ní pàtó, ẹ̀ẹ̀melòó lo ṣubú?

Wọ́n gbé ọ sórí nǹkan pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn. Ọwọ́ rẹ kan rọ̀ sílẹ̀. Kí n tó mọ ibi tí wọ́n ń gbé ọ lọ, obìnrin kan jáde sójú tẹlifíṣọ̀n, ó ń fi ọṣẹ fọ aṣọ funfun, ó ń rẹ́rìn-ín, òun àtàwọn ọmọ rẹ̀. Ọmọ mi wà nílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín! Mo sọ̀rọ̀ sí obìnrin náà, mi ò fẹ́ kọ ohun tí mo sọ. Mùlíkàt dìde, ó tẹ́wọ́ àdúrà, ó ṣe é bí àwọn Mùsùlùmí ṣe ń ṣe é, èmi ṣe é bí ìjọ wa ṣe ń ṣe é, a pàdé níbi Àmín. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà ṣí fìlà. Nígbà tí bọ́ọ̀lù padà dé, ọmọ ẹlòmíràn ló wà láyè rẹ. Mo jókòó wò ó títí ó fi tán, bóyá wọ́n á tún gbé ọ jáde. Wọn ò gbé ọ jáde. N kò mọ ẹgbẹ́ tó borí. Adéjọbí mọ̀, mo ní kó má sọ ọ́ fún mi.

Mi ò jẹ iyán yẹn mọ́. Mo ní kí Mùlíkàt bá mi wá ewé, mo pọ́n itan ọ̀yà náà, nítorí ẹni tí èèyàn bá ti pè, ó ní ìpín níbẹ̀, ìbáà dáhùn, ìbáà má dáhùn. Ó ti wà lórí ààrò láti ọjọ́ náà, mo ń yí i láàárọ̀ àti lálẹ́, ó ti gbẹ, ó ti pọ́n, kò ní bàjẹ́ kó tó dé Èkó.

Ní ọjọ́ Àìkú, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọ fóònù Adéjọbí pé o wà dáadáa, kí n má dààmú. Mo ní kó gbé e wá kí n wò ó. Kì í ṣe ọwọ́ rẹ. Mo mọ ọwọ́ rẹ, lẹ́tà rẹ máa ń sáré lọ síwájú bí ìwọ fúnra rẹ; àwọn tinú fóònù yìí dúró ṣánṣán bí ọmọ ilé ìwé tó ń bẹ̀rù tíṣà. Dókítà lè kọ ọ́. Ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́. A pè ọ́, kò lọ. Adéjọbí ní ó lè jẹ́ pé iná fóònù rẹ ló kú. Àti pé, ọmọ mi, má bínú, ìyá rẹ náà ní òun wà dáadáa. Orí ibùsùn nílé ìwòsàn ló ti sọ ọ́ fún mi, ó tún rẹ́rìn-ín sí i, mo sì gbà á gbọ́, mo lọ sí oko. Mi ò gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìwé yìí tí mo sì fi rán Adéjọbí, tó ń bọ̀ wá kí àwọn ẹbí rẹ̀ ní Èkó nínú ìsinmi ilé ìwé. Bó bá dé, má ṣe kí i lórí ìjókòó. Dìde bó bá ṣeé ṣe, rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ibi àga, kó wò ọ́ lọ, kó wò ọ́ bọ̀, mo ti ní kó má gbójú sápá kan. Bí o ò bá lè rìn, má fi í pamọ́ fún un. Ohun tó bá rí ni yóò wá sọ fún mi, kò mọ irọ́ pa, ojú rẹ̀ kì í gbà á.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi kí n fi ra tẹlifíṣọ̀n, èyí tí ojú rẹ̀ kò sán. Apá òsì tó sán yẹn ni mo jókòó sí ní ilé Mùlíkàt, mo rò ó títí, ó lè jẹ́ ìyẹn ni kò jẹ́ kí ohùn mi dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ẹnu ọ̀nà ni màá gbé e sí, ní ọ̀kánkán ibi tí mo ti ń jẹun. Má fi owó náà sínú fóònù Adéjọbí o, ó ti já sínú kànga lẹ́ẹ̀kan rí, bó bá tún já síbẹ̀, owó wa á rin. Fi lé e lọ́wọ́.

Ọlọ́run yóò wo egungun rẹ sàn, yóò so iṣan rẹ pọ̀, ilẹ̀ tí o ṣubú lé kò ní mọ orúkọ rẹ mọ́. Wàá sáré, àárẹ̀ ò ní mú ọ. Wàá sin mí, mi ò ní sin ọ́.

Ẹran náà wà lọ́wọ́ Adéjọbí, jẹ ẹ́. Iyán nìkan ló kù tí mi ò tíì padà sí láti ọjọ́ náà, iṣu tuntun wà nílé, odó wà níbẹ̀, àmọ́ mo ti pe ènìyàn, mi ò sì tíì gbọ́ èsì. Bí ẹsẹ̀ rẹ kò bá tíì gbà, fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ sórí bébà fún mi pé á gba ibi ire, màá sì jẹun. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá lè gbé ọ dé Ìjan, Àwẹ̀ró, má dáhùn mọ́. Wá jẹun.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bámgbóyè.